Afárá Tí Mo Ní Mo Ti Rìn Kọjá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, àwọn àgbà ìjọ ní kí n jókòó sọ̀rọ̀, pé ara mi kò tíì le. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èèyàn kì í jókòó sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi ni. Ẹ mọ ohun tí mo ń gba ààwẹ̀ fún, nítorí ẹ̀yin náà ń bá mi gbà á: kí n lè padà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọ̀sán gangan ni. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ka sáàmù, mo sì ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wí: "Olúwa, má jẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn ọ̀tá mi." Bí mo ti ń wí i ni orí mi ń wúwo. Mo gbé e lé etí ibùsùn pé kí n sinmi díẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnìkan pè mí. Kò pè mí ní Ọnárébù, kò pe orúkọ oyè tí wọ́n fi mí jẹ. Orúkọ tí ìyá mi ń pè mí ni ó pè. Ó ní, "Olúṣọlá, dìde."

Mo dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, itọ́ ń kán sórí aṣọ ibùsùn. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé aṣọ náà kò ní àpò kankan. N kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Mo bi í pé, "Olúwa mi, níbo là ń lọ?"

Ó ní, "Ibi iṣẹ́ rẹ."

Mo rò pé Àbújá ni. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Kí n tó sọ ibi tó mú mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ó mú lọ, nítorí àwọn ọmọdé wà láàrin yín tí kò mọ̀ mí ju inú ọkọ̀ dúdú lọ. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Òkè-Odò, ní òdìkejì odò tó pín ìlú wa sí méjì. Láràárọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi àti tíṣà kan tí ń jẹ́ Wúràọlá. Ìyá Ìbídùn ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Bí omi bá ru, a ó di ọwọ́ ara wa mú, òun á máa kọrin lábẹ́lẹ̀, èmi á dijú. Òun ló kọ́kọ́ ní kí n jáde dupò. Ó ní, "Tíṣà Ṣọlá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ sì mọ bí omi yìí ti ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹ lọ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n ṣe afárá sí i." Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé nítorí mi. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun mọ̀ mí, pé n kì í parọ́.

Mo wọlé. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ṣiṣẹ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ mi nínú ilé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ afárá ni. Mo sọ ọ́ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi sọ mí ní Alafárá. Ìjọba gbà láti ṣe é. Àmọ́ ọmọ bàbá ìsàlẹ̀ wa nínú òṣèlú ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tí a sin lẹ́yìn ìjọ yìí lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà ri òpó mẹ́ta sínú omi, ó kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò pè mí pé kí n wá jẹ́rìí, Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ṣọlá, gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ kí o sọ fún wọn. Mo gbé ọ débẹ̀, n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí."

Mo sọ ọ́. Mo dìde níwájú wọn, mo ní, "Afárá náà ti parí. Èmi fúnra mi ti fi ẹsẹ̀ mi rìn ín kọjá." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n pa ìwé náà dé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè fún afárá ní Òkè-Odò, èsì tí wọ́n ń fún un ni pé ó ti wà níbẹ̀.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi dà lọ́jọ́ ọjà. Èèyàn méje ló bá a lọ. Ìyá Ìbídùn wà nínú wọn. Mo ti Àbújá wá síbi ìsìnkú, mo kó ìrẹsì wá, wọ́n fún mi ní àga iwájú, mo sunkún. Ẹkún tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ sì tún dìbò fún mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹni tí ọkùnrin náà mú lọ nìyẹn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la kọ́kọ́ wọ̀, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ìlẹ̀kùn wà lọ́tùn-ún, ìlẹ̀kùn wà lósì, irin ni gbogbo wọn, wọ́n sì pọ́n bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ewìrì. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin ń sá kiri níbẹ̀, ọwọ́ wọn ti jóná dé ìgbọ̀nwọ́ nítorí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Bí ẹnìkan bá ti ṣí ọ̀kan, aya tó fi sílẹ̀ nílé tàbí ọkọ tó dà ni yóò bá nínú rẹ̀, onítọ̀hún á kẹ́yìn sí i, á máa sunkún. Bó bá ti fẹ́ wọlé lọ bẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ yàrá náà á gbiná, ìlẹ̀kùn á tì, á tún sáré lọ sí òmíràn.

Ọkùnrin tó mú mi lọ ní, "Àwọn alágbèrè ni. Ẹkún tí wọn kò fẹ́ gbọ́ nílé ni wọ́n ń gbọ́ níbí."

Mo rí ìlẹ̀kùn kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Orúkọ mi wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà bi mí bóyá kí òun ṣí i. Mo ní rárá, mo bẹ̀ ẹ́, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ìyàwó mi wà nínú ìjọ yìí láàárọ̀ yìí, lórí àga ìkẹta. Mo ti sọ fún un, lẹ́nu ara mi, ìdí tí orúkọ mi fi wà lára ìlẹ̀kùn náà, kí n tó wá síwájú yín. Kò tíì dá mi lóhùn.

Láti ibẹ̀, a wọ gbọ̀ngàn kan, ẹsẹ̀ mi sì mọ ibẹ̀ kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Ilé ìgbìmọ̀ wa ni. Bí wọ́n ti to àga wa náà ni wọ́n to tibẹ̀, àga olórí ilé wà lókè, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò jókòó lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo rí àwọn tí mo mọ̀, mo rí àwọn tí mo kàn ń wo àwòrán wọn lára ògiri, àwọn tó ti ṣòfin kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo wọn jókòó, wọn kò lè dìde. Ohùn kan wá láti òkè, ó ní, "Àwọn tó gbà pé kí iná yìí máa jó, kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀yin ará mi, mo rí wọn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu wọn, mo rí ẹni tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, mo rí ẹni tó fi aṣọ di ẹnu, síbẹ̀ ẹnu wọn là, gbogbo wọn pariwo pọ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Òòlù kan tí n kò rí ẹni tó gbé e dún gbì, iná sì yọ láti abẹ́ àga wá.

Ohùn náà ní, "Àwọn tí kò gbà?"

Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ń ṣẹ́jú, iṣan ọrùn wọn le, omi ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ètè wọn lẹ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Òòlù tún dún.

Ọkùnrin náà ní, "Nígbà tí wọ́n lè wí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò wí i. Ẹnu wọn kò mọ̀ ọ́n wí mọ́."

Ọ̀kan nínú wọn yí ojú sí mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ jókòó fún ọdún mẹ́rin l'Ábújá kó tó kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ọkùnrin aláwàdà ni. Ó máa ń sùn bí a bá ń ka òfin lọ́wọ́, mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un kó lè jí dìbò, á sì ní "bẹ́ẹ̀ ni" láìbéèrè ohun tó ń gbà sí.

Ó ní, "Alafárá, ìgbà wo ni wọn yóò fún wa ní ìsinmi?"

Mo wo ojú ọkùnrin tó mú mi lọ. Ó mi orí.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, wọn kò sọ."

Ó ní, "Bá mi béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. O mọ ọ̀rọ̀ sọ."

N kò rí ààyè béèrè, ohùn náà tún ti sọ̀kalẹ̀: "Àwọn tó gbà?" Èmi tí n kò jókòó o, èmi tí mo dúró ti ògiri, mo gbọ́ ohùn ara mi láàrin tiwọn: "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo di ẹnu mi mú, ó ti jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sá.

Ibi tí mo sá dé ni etí odò. Odò wa ni, mo mọ ìyípo rẹ̀, mo mọ òkúta tí a máa ń gùn kí a tó wọ ọkọ̀. Àmọ́ iná ló ń ṣàn nínú rẹ̀, ó nípọn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń hó. Afárá kan wà lórí rẹ̀. Mo wo abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òpó ló gbé e dúró. Èèyàn ni. Wọ́n wà nínú iná dé ọrùn, wọ́n fi èjìká àti àtàrí gbé e ró, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lè gbé orí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin náà ní, "Aninilára ni wọ́n. Àwọn tálákà ló gbé wọn ga láyé."

Mo mọ ẹni tó wà ní ipò òpó kẹta. Irun orí rẹ̀ ti jó tán, ṣùgbọ́n mo mọ etí rẹ̀, mo mọ ilà ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ rántí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ ìwúrí níbi ìsìnkú rẹ̀. Mo ní ó ti dé ibi ìsinmi. Ẹ ṣe àmín.

Ó rí mi. Ó ní, "Ṣọlá."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ sà."

"O ti dé. Sọ̀kalẹ̀ wá gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì kú."

Ó wá ní, "Ṣé ìjọ ṣì ń gbàdúrà fún mi?"

"Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni, sà."

"Kò dé ibí," ni ó wí. "Sọ fún ọmọ mi. Sọ fún un kó padà lọ parí iṣẹ́ yẹn. Bóyá yóò fúyẹ́ díẹ̀ lórí mi." Lẹ́yìn náà ló fi ojú júwe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mi, nítorí kò lè gbé ọwọ́. Ààyè kan ṣófo níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹnìkan. N kò béèrè ẹni tó ni ín.

Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú. Mo ní, "Olúwa mi, mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ mú mi padà."

Ó ní, "O ní o ti fi ẹsẹ̀ rẹ rìn ín kọjá."

Mo ní, "Irọ́ ni mo pa."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ó yá, rìn ín."

Báwo ni n ó ti sọ èyí fún yín? Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó gbóná, mo gbé ìkejì lé e, mo ń gbọ́ ìkérora àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ibi tí mo bá ti tẹ̀, mo gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n nígbà tí mo kọjá lórí rẹ̀, mo fẹ́ dúró kí n má bàa dá kún ìnira rẹ̀ àmọ́ n kò lè dúró nítorí ẹ̀yìn mi ń wó, bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò níbìkan ibẹ̀ á já bọ́ sínú iná, mo sáré, mo ń pe orúkọ Jésù, mo ń pe orúkọ ìyá mi, mo sáré títí ọ̀nà fi tán níwájú mi, ní àárín odò, ó tán bí ìgbà tí èèyàn gé iṣu, iná níwájú, iná lẹ́yìn, èmi sì dúró lórí ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òdìkejì.

Koríko tútù ló wà níbẹ̀, àti àwọn igi tó ní ibòòji, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ nínú ooru tí mo wà. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tí kò ní iṣẹ́ kánjúkánjú kankan mọ́. Mo rí màmá tó ń gbálẹ̀ ìjọ wa tẹ́lẹ̀, èyí tí a sin ní wéréwéré nítorí òjò. Wọ́n ń gbé omi fún un. Mo rí ọkùnrin arúgbó kan tí mo mọ̀ l'Ábújá. Aṣòfin ni òun náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é, nítorí ó dìde lọ́jọ́ kan ó ní òun kò gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó padà wá mọ́. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo tún rí èèyàn méje tí wọ́n jókòó pa pọ̀ létí odò. Mo mọ̀ wọ́n. Aṣọ ọjà tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n wọ̀. Aṣọ wọn gbẹ.

Ìyá Ìbídùn dìde láàrin wọn, ó sún mọ́ etí odò.

Ó ní, "Tíṣà Ṣọlá."

Mo ní, "Mà."

Mo ti múra ohun tí n ó sọ. Mo rò pé yóò bi mí nípa afárá. Kò bi mí.

Ó ní, "Ìbídùn ọmọ mi ńkọ́?"

Mo bojú wo iná tó wà láàrin wa.

"Ṣé ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́?"

"N kò mọ̀, mà."

"Ọ̀dọ̀ ta ló ń gbé?"

"N kò mọ̀."

"Ṣé ó wà láàyè?"

Ẹ̀yin ará, ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti obìnrin yìí fi di ọwọ́ ara wa mú lórí omi. Mo ti lọ sílé rẹ̀, mo ti gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ rí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kú, mo sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan sílẹ̀ tí orúkọ mi wà lára wọn. Mo sọ fún un pé, "Ìyá Ìbídùn, n kò béèrè."

Kò bínú. Ì bá ṣe pé ó bínú, ì bá sàn fún mi. Ó kàn wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò tí kò mọ̀ ọ́n. Ó yí padà, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tí n kò rí nítorí ìmọ́lẹ̀ tó yí i ká. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ tí mo dúró lé ti ń ya díẹ̀díẹ̀, ó kù bí àga, ó kù bí àwo, ìka ẹsẹ̀ mi wà lójú afẹ́fẹ́, mo rí Ẹ̀gbọ́n tó yí ojú sókè ń wò mí, mo rí ààyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń já bọ́ nígbà tí ọkùnrin náà di ọrùn aṣọ mi mú.

Ó ní, "Obìnrin yẹn tọrọ rẹ. Ó ní kí o padà lọ béèrè ọmọ òun."

Mo ní, "Olúwa mi, ìdáríjì mi ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sọ̀rọ̀ ìyẹn."

"Ààyè tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ó ní, "Kò ní ṣófo pẹ́."

Mo ta jí. Ìyàwó mi ló ń gbọ̀n mí ní èjìká, ó ní mo ti pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbọ́ ọ ní pálọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti bó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi ti rí i. Ó ní, "Bàbá Tolú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti dé o. Wọ́n ní kí ẹ wá fọwọ́ sí ìwé ìdupò." Mo fi ọwọ́ lé ògiri lọ bá wọn. Mo sọ fún wọn pé n kò dupò mọ́. Wọ́n rò pé ebi ààwẹ̀ ló ń pa mí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé tíì wá fún mi.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Òkè-Odò, níbi tí wọ́n ní Ìbídùn wà. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀. N kò tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà tí mo ti di aṣòfin. Mo béèrè ilé, wọ́n júwe ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ti gbé ojú sókè, ìyá rẹ̀ ni mo rí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga wá, ó bu omi. Ó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí àbúrò ìyá rẹ̀ tó gbà á sọ́dọ̀ kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Mo sọ irọ́ tí mo pa. Mo ní ìyá rẹ̀ ló rán mi. Kò sunkún. Ó ń fi ìka pa etí aṣọ tó ń rán pọ̀, ó ń tú u, ó tún ń pa á pọ̀.

Mo ní, "Ìbídùn, ọmọ mi, kí ni kí n ṣe?"

Ó ní, "Ọnárébù, mi ò mọ̀ sà." Nígbà tó yá, ó ní, "Bí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ sọ fún màmá mi pé mo wà láàyè."

Ó dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí omi inú ife náà fi gbóná lọ́wọ́ mi, mo sì dìde.

Mo ti kọ ìwé sí Àbújá. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi pé kò sí afárá ní Òkè-Odò, pé irọ́ ni mo pa níwájú ìgbìmọ̀, pé kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn. Wọn kò tíì fèsì. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé wọn yóò gbé mi lọ sílé ẹjọ́, mo sì jẹ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Àwọn kan ń sọ ọ́ ládùúgbò pé orí mi ti yí. Bóyá. N kì í lè sùn, nítorí n kò mọ ibi tí n ó jí sí.

Ẹ̀yin ará, n kò wá gba àdúrà. Ìkìlọ̀ ni mo mú wá, kò sì gùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí afárá. Ẹ ń gba iwájú òpó mẹ́ta náà kọjá bí ẹ ti ń lọ fọ aṣọ. Síbẹ̀, nígbà tí mo dúró níbí yìí tí mo ní Olúwa ti lò mí fún ìlú yìí, ẹ ṣe àmín, ẹ sì gbé àga iwájú fún mi. Ẹni tí kò gbà, tó dákẹ́, mo ti rí ibi tí wọ́n tọ́jú àga sí dè é. Bí ọmọ òkú kan bá wà lẹ́bàá ilé yín, ẹ lọ béèrè rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá mọ òtítọ́ kan tí ẹ ti gbé mì, ẹ lọ bì í níwájú ẹni tó ni ín.

Ẹ má jókòó síbí máa bá mi sunkún. Òjò ń ṣú bọ̀ lápá ìlà oòrùn láti àárọ̀, ọ̀la sì ni ọjọ́ ọjà ní Òkè-Odò. Ọkọ̀ ojú omi kan náà ni wọn yóò wọ̀.